"Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra": ṣé ó ní ká má díje níbi iṣẹ́ ni?

Ẹnì kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lápá Òkè-Fìà níbí ní Òṣogbo ló bèèrè pé gbogbo ìgbà tóun àti èkejì òun bá ti ń fa oníbàárà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni ọ̀gá àwọn máa ń sọ pé "ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra", ó ní ṣé káwọn wá káwọ́ gbera káwọn máa wòran ni.

Rárá o. Ẹ tún òwe yẹn gbọ́ dáadáa, ẹyẹ yẹn ń fò. Kì í ṣe ẹyẹ tó bà sórí igi tó ń tòògbé lòwe ń bá wí, èyí tó wà lókè tó ń ju apá ni, ohun tí wọ́n ní kó má ṣe ni kó má lọ kọ lu ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Àwọn ọ̀lẹ ló ti sọ ọ́ di ibi ìfarapamọ́, wọ́n á pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ bá bá wọn wí wọ́n á ní ṣebí ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò, kò sí ìyẹn níbẹ̀ rárá. Ibi tí àgbà ti ń lò ó gan-an ni láàárín àwọn méjì tó ń ṣiṣẹ́ kan náà, tí wọ́n wá ń ṣọ́ ara wọn dépò pé wọn ò wo iṣẹ́ mọ́.

Àìwo iṣẹ́ mọ́ yẹn gan-an ló burú jù lójú tèmi. Ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ aró ṣàlàyé, ṣebí Òṣogbo ìlú aró, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun. Tí oṣù kẹjọ bá ti ń sún mọ́lé, tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, àwọn aládìrẹ kì í ráyè sinmi, ẹni tó fẹ́ ankò pọ̀. Aṣọ téèyàn bá sì yọ nínú aró ẹ̀lú kì í dúdú lójú ẹsẹ̀, àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde, atẹ́gùn tó bá fẹ́ sí i ló ń sọ ọ́ di búlúù, wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún yọ ọ́ sátẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa dúdú bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹni tó bá wá gbọ́ pé aládìrẹ kejì ti fẹ́ parí, tó ń rì í wìrìwìrì láì dúró kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, aṣọ ẹ̀ lè dáa lójú níbi tó sá a sí, ìgbà tí oníbàárà bá fọ̀ ọ́ nílé ni gbogbo omi á di aró. Ó ṣáájú ẹnì kejì lóòótọ́, oníbàárà yẹn ò sì ní padà wá.

Ìmọ̀ tí wọ́n ń fi pamọ́ fúnra wọn náà tún wà níbẹ̀, èyí sì máa ń dùn mí. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn agbádá á yí ẹ̀yìn sí ẹnì kejì kó má baà rí i, ọjọ́ tí àìsàn bá wá dá a dùbúlẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ó wà ní ọ́fíìsì náà, ẹni tó ń du ìgbéga á jókòó lé fáìlì, ará ìlú tí ò mọ nǹkan kan á máa lọ á máa bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì rò pé Yorùbá kórìíra ìdíje, ẹ bi àwọn àgbà tó ti ṣe àárò rí. Nínú oko, oníkálùkù á mú ebè tiẹ̀, wọ́n á máa sáré síra wọn, wọ́n á máa fi ẹni tó bá kẹ́yìn ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ oko ẹnì kan ni gbogbo agbára yẹn ń lọ, tó bá dọ̀la, oko ẹlòmíì ló kàn.

Ẹ tún wo àwọn oníṣẹ́ ọnà tó dìde ní Òṣogbo yìí láwọn ọdún 1960. Twins Seven-Seven ń fi yíǹkì àti ọ̀dà ya iwin, Jimoh Buraimoh ń to ìlẹ̀kẹ̀ sójú àwòrán, Asiru Olatunde tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ń lu àwòrán sára páànù, Adebisi Akanji ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Ìlú kan, sáà kan, ẹ ò sì ní ṣi iṣẹ́ ẹnì kan mú fún tẹlòmíì. Ibi tí ojú ọ̀run ti fẹ̀ nìyẹn.

Torí náà, tó bá jẹ́ agbádá lọwọ́ yín mọ́ jù, tó jẹ́ pé bùbá àti ìró lọwọ́ èkejì yín dá ṣáká sí, ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́ kí wọ́n pín in bẹ́ẹ̀, oníbàárà tó bá sì dárúkọ ẹnì kejì, ẹ pè é fún un. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pa òwe yìí lójú ọ̀gá yín, ẹ má kàn là á mọ́lẹ̀ o, ẹ ní "ẹ̀yin àgbà lẹ pa á lówe pé", kẹ́ ẹ wá pa á, kẹ́ ẹ fi "tótó ó ṣe bí òwe" kádìí ẹ̀, àwọn náà á dá yín lóhùn pé wàá rí òmíì pa.