Ṣé èèwọ̀ ni kí ìyá àgbà ránṣọ sílẹ̀ de ọmọ tí a kò tíì bí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún ọmọ mi obìnrin ti wọ oṣù keje. Ìlú Ọba lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, Abẹ́òkúta lèmi wà, mo sì ń múra láti lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. Télọ̀ ni mí, ọwọ́ mi kì í lè dilẹ̀. Mo ti rán bùbá méjì fún ìyá ọmọ, mo wá bẹ̀rẹ̀ ti ọmọ fúnra rẹ̀. Ìyá ọkọ ọmọ mi rí i lórí fóònù, ló bá ní kí n kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ kíá, pé a kì í ránṣọ de ọmọ tó ṣì wà nínú. Àtọjọ́ náà ni mi ò ti lè fọwọ́ kan máṣíìnì. Ṣé èèwọ̀ ni lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ojú lọ́nà o, mà. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Àdúrà tí a máa ń gbà fún aboyún nìyẹn. Ohùn ni a ń tọrọ níbẹ̀, a kì í dárúkọ aṣọ. Títí a ó fi gbọ́ ohùn yẹn, Yorùbá kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ọmọ bí ẹni pé ó ti jókòó sínú ilé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àna yín sọ ti ṣẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èèwọ̀. Bí ènìyàn bá jẹ èèwọ̀, àwọn àgbà ilé á mọ ètùtù tó yẹ kí wọ́n ṣe sí i. Mi ò tíì gbọ́ níbikíbi pé wọ́n ṣètùtù fún ìyá àgbà torí pé ó rán bùbá ọmọ. Ìkìlọ̀ ni, ìkìlọ̀ àwọn tí ojú wọn ti rí nǹkan. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àbíkú ló fà á. Láyé àtijọ́, obìnrin lè bí mẹ́rin kó sin mẹ́ta, orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tó bá tún dé lẹ́yìn ìyẹn sì ń sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó. Kòsọ́kọ́ náà wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ọba tó jẹ ní Èkó láti 1845 di 1851 jẹ́ orúkọ yẹn. Èyí tó kan iṣẹ́ yín níbẹ̀ ni Àkísàátán. Àkísà ti tán, a ò ní èyí tí a ó tún fi dì ọ́ lọ sin mọ́, nítorí náà dúró. Àkísà tí wọ́n fi gba ọmọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n máa fi dì í tó bá yí padà. Ẹni tó bá ti dì í bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣé ẹ rò pé yóò já aṣọ tuntun fún ẹ̀kẹta kí ó tó fojú rí i? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, wọ́n á ní. Aṣọ tó ti lọ́rùn, tó ti lápá, tí a ti wọn gígùn rẹ̀, kíkà ni lójú wọn.

Aṣọ rírán gan-an kò tilẹ̀ ṣe pàtàkì fún ọmọ tuntun nígbà yẹn. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ jáde: ọjọ́ kẹsàn-án fún ọkùnrin, ọjọ́ keje fún obìnrin, ọjọ́ kẹjọ fún ìbejì. Wọ́n á da omi sórí òrùlé, ẹni tó gbé ọmọ á wọ abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ náà kí omi lè kán sí ọmọ lára. Bó bá ti figbe ta, ayọ̀ dé, torí wọ́n ti gbóhùn rẹ̀. Àwa tí à ń rán aṣọ ìkómọ tó ní fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, àwa la wá fi kún un.

Síbẹ̀, kò sí ìyá àgbà tó káwọ́ gbera títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ fi pé. Àkísà ni wọ́n ń tọ́jú.

Ẹ mọ òwe tó ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọ̀rọ̀ ìrírí la máa ń fi í sọ, bíi pé àgbà ti rí ohun tí ọmọdé ò tíì rí. Ṣùgbọ́n nílé ìkómọ, bí òwe yẹn ṣe dún gan-an ló ṣe rí. Ìyàwó tuntun lè ní àpótí aṣọ tó kún fọ́fọ́, kó má sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó rọ̀ tó ohun tí a lè fi nu ìdí ọmọ ọjọ́ kan. Àǹkárá tuntun ń le, ó sì ń ha ara. Àdìrẹ tuntun, aró rẹ̀ á ṣí sára ọmọ. Òwú tí a ti fọ̀ fún ọdún mẹ́wàá ló ń rọ̀, tó sì ń tètè fa omi. Ọwọ́ àgbà nirú ẹ̀ wà.

Nígbà tí mo fẹ́ bí àkọ́bí mi, ìyá mi wá sí Ìbàdàn láti ilé. Wọn ò mú aṣọ tuntun kankan wá. Ìró àdìrẹ kan tí mo mọ̀ láti kékeré ni wọ́n fà yọ, èyí tí wọ́n máa ń ró lọ sọ́jà. Aró rẹ̀ ti ṣí débi pé ó ku díẹ̀ kó funfun. Wọn ò fi sísọ́ọ̀sì gé e. Wọ́n fi eyín ṣí i létí, wọ́n sì fà á ya gbọọrọ, torí bí aṣọ òwú bá ya, ojú òwú rẹ̀ ló ń tọ̀, kì í wọ́. Wọ́n pín in sí ìlédìí mẹ́rìnlá, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ fún télọ̀. Wọ́n ní máṣíìnì máa ń jẹ́ kí ìṣẹ́tí le, pé á pa ọmọ lára ní itan. Èmi tí mo rò pé mo lajú, mo ti ra aṣọ ọmọ aláràbarà mẹ́fà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà wọ méjì nínú rẹ̀ kó tó dàgbà jù wọ́n lọ. Ìlédìí yẹn, èmi ṣì ń lò wọ́n fún àbúrò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ télọ̀, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ yín dilẹ̀. Aṣọ tí ẹ ń rán ni kí ẹ pààrọ̀. Pámpáàsì ti gba ipò ìlédìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ á bì, ọmọ á tutọ́, a ó tẹ́ nǹkan sábẹ́ rẹ̀, a ó nù ún lára lẹ́yìn ìwẹ̀. Kì í ṣe lásán la ṣe ń kí àwọn tó bá ní ìkókó nílé pé ẹ kú ọwọ́ lómi.

Ẹ má gbàgbé ọ̀já o. Èyí ni mo gbà pé ó yẹ kí ìyá ìyàwó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Kò lọ́rùn, kò lápá, kò ka ọmọ kankan, kò sì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bí ìyá bá ń gbàdúrà gidi fún ọmọ tó ti dàgbà, ẹ ó gbọ́ tó ń dárúkọ ọmú tí ọmọ náà mu àti ọ̀já tí òun fi pọ̀n ọ́n. Ní Kétu àti ilẹ̀ Yewa, ọkùnrin ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀já àti gèlè tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin ni wọ́n máa fi ń di ara, torí àwọn ìyá ni wọ́n ń jó o fún. Ijó yẹn ni UNESCO kà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé ní 2001. Ọ̀já tó bá dára máa ń nípọn díẹ̀, kì í yọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gùn débi tí yóò fi gba abẹ́ ìdí ọmọ kọjá, tí yóò yí ìyá ká, tí etí méjèèjì á sì ṣẹ́kù láti ta ní kókó. Kíjìpá tí àwọn obìnrin ń hun ló dára jù láyé ijọ́un. Ẹ má fi aṣọ tó ń dán ṣe é. Wọ́n máa ń sọ pé bí ọmọbìnrin bá já bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọkọ á máa kú mọ́ ọn lọ́wọ́ tó bá dàgbà. Èmi gbà pé kí ìyá lè so ọ̀já dáadáa ni wọ́n ṣe wí bẹ́ẹ̀.

Ní ti bùbá ìyá ọmọ, kò sí ẹni tó lè bá yín jà sí ìyẹn. Ìró ń fẹ̀ bí ikùn bá ṣe ń fẹ̀, ibi tí a ti etí rẹ̀ bọ̀ nìkan la ó máa sún. Ẹ kàn fi bọ́tìnnì sí iwájú bùbá náà kó lè wúlò nígbà ọmú, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ yín bá sì ní òun fẹ́ há píìnì sí etí aṣọ, èyí tó ń panu dé yẹn, ẹ jẹ́ kó há a. Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ wa ni pé píìnì kì í jẹ́ kí ẹ̀mí àìrí sún mọ́ aboyún tó bá jáde lọ́sàn-án gangan tàbí lóru. Èmi há a nígbà tèmi, mi ò lè parọ́.

Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ wà tí wọn ò dúró de télọ̀ kankan. Ẹni tí awọ fẹ́lẹ́ funfun bá bò nígbà tí wọ́n bí i, bó bá jẹ́ obìnrin, Tàlàbí ni. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, Sàlàkọ́. Tàlà ni aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó ti gbé tirẹ̀ wọ̀ wá láti ọ̀run.

Àna yín náà mọ̀ pé ayé ti yí. Ilé ìwòsàn nílé níbí ń kọ ìwé lé aboyún lọ́wọ́: òwú, ọṣẹ, aṣọ ọmọ, fìlà. Bí kò bá kó o dání dé ibi ìrọbí, nọ́ọ̀sì á wí sí i. Ní Ìlú Ọba náà, wọ́n máa ń ní kí aboyún di báàgì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Gbogbo wa là ń rà á sílẹ̀ báyìí. A kàn ń rà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, a ó dì í mọ́nú báàgì, a ò ní tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì kí a máa fi hàn lórí fóònù. Mo fura pé fífi hàn yẹn ló dun ìyá náà ju rírán lọ.

Ẹ pè wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti kó aṣọ náà pamọ́, pé ìlédìí lẹ fẹ́ ṣẹ́ báyìí, kí wọ́n jọ̀wọ́ fún yín ní ìró àlòkù wọn kan kí ẹ pa á pọ̀ mọ́ tiyín, kí ti ìyá àgbà méjèèjì lè wà lára ọmọ. Inú wọn á dùn. Bí wọ́n bá gbé léèsì wá, ẹ fọgbọ́n dá a padà. Léèsì kì í fa omi.