Ṣé gbogbo ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú adágún ló ń kú sábẹ́ yìnyín?

Ìbéèrè: Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Ní Kánádà níbí, wọ́n ní kí ọmọbìnrin mi ṣàlàyé níléèwé ohun tí òtútù ń fi ojú Daphnia rí, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ẹja ń jẹ nínú adágún. Ṣé gbogbo wọn ló ń kú ni? Ó fẹ́ fojú rí nǹkan, ó sì fẹ́ rí i sọ fún ìyá àgbà rẹ̀ ní Mọ̀pà.

Ìdáhùn: Ọ̀kún o, ìyá ọmọ. Rárá, wọn kì í kú tán. Omi tó tutù dé 4°C ló wúwo jù, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, yìnyín sì ń léfòó, nítorí náà ìsàlẹ̀ adágún tó jìn kì í dì. Ìrì dídì tó bo orí yìnyín ló ń dààmú wọn: ó ń dí ìmọ́lẹ̀, oúnjẹ wọn, ìyẹn ewé omi wẹ́wẹ́, kò sì ní hù dáadáa. Nínú adágún tí kò jìn, ìdọ̀tí tó ń jẹrà lè gba ọ́síjìn tán, kí ẹja kú. (Àǹfààní Daphnia nìyẹn, torí ọ̀tá wọn ti dín kù nígbà ooru.)

Kí òtútù tó le, abo Daphnia tó ti ń bí abo láìsí akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bí akọ. Wọ́n á gùn, wọ́n á yé ẹyin, méjì-méjì sábà ni, sínú àpò dúdú tó dà bí gàárì. Ẹrẹ̀ ló ń sùn sí, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀nà mìíràn ni àwọn copepod, ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi mìíràn, ń gbà: àwọn kan ń sùn nínú ẹrẹ̀ láìtíì dàgbà tán, àwọn kan sì ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ yìnyín, ọ̀rá ara wọn ni wọ́n ń jẹ.

Fún ìyá àgbà: àbàtà tó gbẹ nígbà ọyẹ́, tí nǹkan wẹ́wẹ́ tún ń fò kiri nínú rẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Irú ẹyin bẹ́ẹ̀ náà ló ń dúró nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ.

Kí ọmọ má gun orí yìnyín o. Kí ó lè fojú rí bí ẹyin Daphnia ṣe ń pa, ẹ bu ẹrẹ̀ etí adágún kó tó dì, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 òkè nìkan, kí ẹ fi ọ̀rá dúdú wé e, kí ẹ gbé e sí fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Lẹ́yìn náà, ṣíbí kan péré sínú omi lítà 1. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ: kẹ́míkà apakòkòrò inú rẹ̀ ń pa wọ́n, òmíràn kì í sì í fò lọ bí ẹ tilẹ̀ ṣí i sílẹ̀. Omi orísun inú ike ló dára. Ẹ gbé e sí ibi tó mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti pa á, 15 sí 20°C.

Láti ọjọ́ 3 sí ọ̀sẹ̀ 2, kí ọmọ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá rùn, ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ti jẹ ọ́síjìn inú omi tán. Ẹ dín in kù, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹyin bá ti pa, yíìsì díẹ̀ tó kàn máa mú omi funfun díẹ̀ ni kí ẹ fún àwọn ọmọ tó jáde. Ẹ má da ìyókù padà sínú odò kankan.