Kí ẹ tó gé igbó kòkó lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín kan ti rí igbó fún yín lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀, pé kí ẹ kó ẹrù yín wá dá oko kòkó. Ẹdẹ ni bàbá mi ti kó wa wọ igbó Odígbó, mo sì ń ká kòkó níbẹ̀ dòní. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí igbó tán lágbègbè Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ kòkó ṣí lọ Ifẹ̀. Ifẹ̀ kún, wọ́n kọrí sí Oǹdó. Púpọ̀ nínú igbó dúdú tó kù báyìí, igbó ọba ni, èyí tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ igbó ọba ni wọ́n fi hàn yín, irú igbó tí wọ́n ń pè ní Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí baálẹ̀ tó lè tà á, ìwé yòówù tó bá fún yín. Mo rí ibi tí wọ́n ti gé kòkó tó ń so lọ́wọ́ lulẹ̀ lábúlé kan létí wa. Ẹni tó gbowó ilẹ̀ ti sá lọ.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ bi wọ́n: ṣé ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà yín láyè láti gbìn, àbí igi? Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ á hú u, á lọ. Ẹni tó gbin kòkó, ọmọ ọmọ rẹ̀ lè máa ká a, onílẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bí ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn, ohun tí àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀ lọ́dọọdún: ẹ ni igi, àwọn ni wọ́n nilẹ̀. Nígbà tí òfin ilẹ̀ 1978 dé, àwọn kan ní ìjọba ló ni gbogbo ilẹ̀, àwọn ò san mọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ yìí wà lára ohun tó dá Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ pọ̀ jà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọn ilẹ̀, ẹ gbin pèrègún sí ààlà lójú gbogbo ẹbí, kì í ṣe lójú ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀pá tí ẹ bá rì mọ́lẹ̀, ikán á jẹ ẹ́. Ọmọ ẹbí kan ti Èkó dé, ó ní ààlà wa kọ́ nìyẹn (ìjà ààlà le ju ìjà Ọ̀rẹ̀ lọ o). Ìyá àgbà kan nínú ẹbí wọn ló tọ́ka sí pèrègún náà, ó ní ojú òun ni wọ́n ṣe gbìn ín. Ẹjọ́ parí.

Ẹ má fi owó kòkó ọdún 2024, nígbà tó gbówó lórí gan-an, ṣírò. Ó di ọdún kẹta tàbí ìkẹrin kó tó so. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò tó ń ṣíji bò ó ni ẹ ó máa jẹ, tí ẹ ó máa tà. Bó bá so tán, tí òjò bá pọ̀ láìfín oògùn, á dúdú, á rà mọ́ igi.

Ẹ béèrè ọ̀nà náà. Lóṣù kẹsàn-án, ọ̀kadà nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó ń ra kòkó sì máa ń yọ owó ọ̀kadà yẹn lórí kílò wa.