Ọmọ mi fẹ́ máa darí orin nínú tíátà: ṣé iṣẹ́ tí a lè fi gbọ́ bùkátà ni?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 sọ fún èmi àti bàbá rẹ̀ pé òun kò kọ́ ìṣirò owó mọ́, pé ohun tí òun fẹ́ ṣe ni kí òun máa darí ọkẹ́sírà nínú eré tíátà olórin, kí òun sì máa to orin fún wọn. Lóòótọ́, ó mọ dùùrù tẹ̀, òun ló sì ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní London, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń bèèrè pé ṣé iṣẹ́ nìyẹn àbí eré ọwọ́ dilẹ̀. Ṣé iṣẹ́ kan ni àbí méjì? Ilé-ẹ̀kọ́ wo ló yẹ kó lọ, ìgbà wo ló sì yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í múra?

Ìdáhùn:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ǹlẹ́ o, mo kí bàbá rẹ̀ náà. Ọmọ mi ọkùnrin wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní West End, àdúgbò àwọn tíátà ńlá ní London, nítorí náà mo lè fi dá yín lójú pé iṣẹ́ gidi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní owó oṣù tó dúró sójú kan bíi ti ọ́fíìsì.

Iṣẹ́ méjì ni, dídarí àti títo orin, ẹnì kan sì lè ṣe méjèèjì. Ẹni tó kọ orin eré sábà máa ń kọ ọ́ fún dùùrù àti ohùn nìkan, ẹni tó ń to orin fún ọkẹ́sírà ni yóò wá pinnu pé fèrè ni kó gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé kí fáólíìnì wọlé ní ẹsẹ̀ kejì, pé kí gbogbo wọn rọra ṣe nígbà tí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Robert Russell Bennett ló ṣe iṣẹ́ yìí fún àwọn eré olórin Oklahoma! ní 1943 àti South Pacific ní 1949, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ orin wọ̀nyẹn lórí ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọdún 1997 ni àwọn tó ń fúnni ní ẹ̀bùn Tony fún eré tíátà ní New York ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ẹ̀bùn kan sọ́tọ̀ fún títo orin, Jonathan Tunick ló sì kọ́kọ́ gbà á. Bí ọmọ yín bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí ayé máa pe orúkọ òun, ẹ tètè jẹ́ kó mọ èyí.

Olùdarí ní tirẹ̀ ló ni ìrọ̀lẹ́. Eré mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń ṣe lọ́sẹ̀, kámẹ́rà kékeré kan sì máa ń dojú kọ ọ́ nínú kòtò ọkẹ́sírà, ìyẹn ibi tí àwọn olórin ń jókòó sí níwájú ìtàgé, tí àwòrán rẹ̀ yóò máa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n so mọ́ iwájú òkè tí àwọn òǹwòran jókòó sí, kí òṣèré lè máa rí ọwọ́ rẹ̀ láì tẹ orí ba. Láwọn ibì kan nínú eré, wọ́n máa ń kọ abala orin kúkúrú tí wọn yóò máa tún ṣe títí òṣèré yóò fi ṣe tán. Vamp ni wọ́n ń pè é. Ká ní ilẹ̀kùn orí ìtàgé há, tí òṣèré kò tíì rí ọ̀nà jáde, olùdarí yóò mú wọn dúró sórí abala náà, etí rẹ̀ yóò wà lọ́dọ̀ òṣèré, ojú rẹ̀ yóò wà lára onílù, gẹ́lẹ́ tí òṣèré bá sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń retí, yóò fọwọ́ já a, gbogbo wọn yóò sì bọ́ sínú orin pọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó ń tẹ dùùrù fún akọrin tó kàn gbé orin láì sọ kíì rẹ̀, ìyẹn bí orin náà ṣe máa ga tó, fún ẹnikẹ́ni ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí láìmọ̀.

Àwọn tó ń to orin kì í sùn nígbà ìgbáradì. Bí olórí òṣèré bá ní orin kan ga ju ohùn òun lọ, wọn yóò sọ kíì rẹ̀ kalẹ̀, ìyẹn ni pé ìwé gbogbo olórin yóò yí padà kí ilẹ̀ tó mọ́, kì í sì í ṣe yíyí lásán, nítorí ohun tó dùn lẹ́nu fèrè ní kíì ti àná lè bọ́ sí ibi tí ohùn rẹ̀ kò ti jáde dáadáa mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tún lè máa fọn fèrè, clarinet àti saxophone nínú eré kan náà, ẹni tó ń to orin sì gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un láti gbé ọ̀kan kalẹ̀ kó tó mú òmíràn.

Ní ti owó, ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ẹ̀rù tó ń bà á kò ṣàìnídìí. Olùdarí ń gba owó lọ́sẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí eré bá ṣì ń lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ká a kúrò nílẹ̀ ni owó náà dúró. Ẹni tó ń to orin sábà máa ń gba owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bóyá yóò sì máa rí owó lára tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà wà lọ́wọ́ àdéhùn tó bá ṣe. Ọkẹ́sírà pàápàá ń kéré sí i. Ní oṣù kẹta 2003, àwọn olórin Broadway, ìyẹn àwọn tíátà ńlá New York, daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí iye ènìyàn tí tíátà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà síṣẹ́, àdéhùn tó parí ìjà náà sì fa iye náà wálẹ̀ ní àwọn tíátà ńlá sí 18 tàbí 19. Nínú eré olórin Hamilton, olórin mẹ́wàá péré ni Alex Lacamoire to orin fún, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ darí wọn bó ṣe ń tẹ dùùrù lọ́wọ́. Nítorí náà, kó wọ Musicians' Union, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olórin, ní kùtùkùtù. Ìṣirò owó tó ń sá fún yìí yóò sì tún wúlò fún un, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣírò owó orí rẹ̀.

Dùùrù ni ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà, mi ò sì ní gbà á nímọ̀ràn kó lọ kọ́ ìdarí nìkan. Ẹni tó ń tẹ dùùrù nígbà ìgbáradì ni wọ́n máa ń fi ṣe igbákejì olùdarí, igbákejì yìí ni yóò sì gba ipò lọ́jọ́ tí olùdarí kò bá sí. Ní London, olórin tí kò bá lè wá máa ń rán adelé, adelé náà yóò sì ti wá jókòó tì í ṣáájú, yóò máa wo ìwé orin bí eré ti ń lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti wọlé. Ohun tí wọ́n fi ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà ni pé ó tètè dé, ó lè ka orin tí kò rí rí, ó sì lè yí kíì lójú ẹsẹ̀. Kó lọ bá ẹgbẹ́ tíátà àdúgbò tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ tẹ dùùrù ìgbáradì fún wọn. Lẹ́yìn eré kan, òun fúnra rẹ̀ yóò mọ̀ bóyá ó wù ú dénú. Kó sì kọ́ Sibelius tàbí Dorico láti fi kọ orin lórí kọ̀ǹpútà, nítorí àwọn tó ni Finale, tó jẹ́ irú wọn, ti kéde ní 2024 pé àwọn kò ní ṣe é mọ́.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́, kó kọ́kọ́ gba oyè nínú orin, ìbáà jẹ́ dùùrù tàbí kíkọ orin, lẹ́yìn náà kó wá lọ kọ́ ìdarí orin tíátà gẹ́gẹ́ bí oyè kejì, irú èyí tó wà ní Royal Academy of Music níbí àti ní Royal Conservatoire of Scotland ní Glasgow. Ẹ kíyè sí i pé UCAS Conservatoires, ètò ìgbàwọlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń gbà wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ orin bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni wọ́n sì sábà máa ń ti fọ́ọ̀mù orin pa, ó yá ju ti àwọn yunifásítì yòókù tó ń di oṣù kìíní lọ, nítorí náà orin tí yóò fi ṣe ìdánwò wọn gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn yìí tó parí.