Ta ló jàre, ọmọ mi àbí bàbá àgbà rẹ̀ ní Abẹ́òkúta?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Kánádà la wà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 10, ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní wọ́n kọ́ àwọn níléèwé pé èèyàn ni olórí apẹranjẹ, pé à ń pa gbogbo ẹran jẹ, ẹran kankan kì í sì í pa wá jẹ. Bàbá mi, tó fi ogójì ọdún ṣọdẹ ní Abẹ́òkúta, ní irọ́ ni, pé ẹni tí kò gbóhùn ẹkùn lóru rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà lọmọ ti ń bi mí pé ta ló jàre. Kí ni kí n sọ fún un? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Jámánì ni mo wà, ṣùgbọ́n Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta, ni mo dàgbà sí, ọdẹ sì ni bàbá tó bí mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú àwo. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ohun tí ẹ̀dá ń jẹ díwọ̀n ipò rẹ̀. Ewéko wà ní ipò 1, ewúrẹ́ tó ń jẹ ẹ́ wà ní 2, ẹran tó jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló ń jẹ wà ní 3. Àwọn apẹranjẹ inú òkun kan wà tí wọ́n kọjá 5. Lọ́dún 2013, wọ́n ṣírò ti gbogbo èèyàn ayé pọ̀, 2.21 ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni wá. Ní Burundi, 2.04 ni, Iceland tí wọ́n ti ń jẹ ẹja bí ẹní jẹun, kò ju 2.57 lọ.

Nígbà tí mo kà á, àwo bàbá mi ló wá sí mi lójú: òkèlè láfún funfun, ewédú lórí rẹ̀, àti ègé ọ̀yà kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí bàbá á dá sí títí láfún á fi tán. Ẹni tó pa ọ̀yà náà fúnra rẹ̀ nìyẹn o. Ìyá mi ti ta ìyókù létí títì.

Ṣùgbọ́n ọmọ yín náà ò parọ́ tán. Tó bá jẹ́ pípa là ń wí, kò sẹ́ni tó tó wa. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 fi hàn pé ìwọ̀n tí à ń pa ẹja tó ti dàgbà tó ìlọ́po 14 èyí tí àwọn apẹranjẹ inú omi yòókù ń pa. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ọmọ ẹran àti aláìlera ni apẹranjẹ sábà máa ń mú, torí òun lọwọ́ rẹ̀ tó. Àwa ń fi ìbọn àti àwọ̀n mú àgbà, èyí tó ń bímọ gan-an.

Ohun èlò yìí náà ni kì í sábà jẹ́ kí ẹran pa wá jẹ. Ní 1898, kìnnìún méjì ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin pa jẹ ní Tsavo, ní Kenya, títí wọ́n fi rí ìbọn kojú wọn. Ẹkùn tí ọdẹ ń pè ní olólà ijù, èékánná rẹ̀ ni ìbọn tirẹ̀, kì í sì í kúrò lára rẹ̀. Tèmi ni pé bàbá yín ló jàre: a mọ ẹran pa ju gbogbo ẹranko lọ, a ò tìtorí ẹ̀ di ẹkùn.

Bàbá mi kì í yìnbọn fún aboyún ẹran. Tí iná orí rẹ̀ bá bọ́ sára ẹtu tí ikùn rẹ̀ wú, á pa iná, á dúró sínú òkùnkùn títí á fi gbọ́ tí ewé dákẹ́. Ẹ tún pe bàbá yín lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ fún ọmọ ní fóònù, kó bi wọ́n ní ẹran tí wọ́n rí tí wọn ò yìnbọn fún.