Ẹ Má Tíì Tú Pọ́ǹpù Yẹn: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ajílòsun ní Adó-Èkìtì ni mò ń gbé, mo máa ń fi rísìn (oje kẹ́míkà tó máa ń dì bíi ike) ṣe kíì-hódà àti tíréè tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Torí afẹ́fẹ́ tó máa ń há sínú rísìn ni mo ṣe ra vacuum pump kékeré, ìyẹn pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìkòkò tí mo ń gbé rísìn sí, irú èyí táwọn tó ń ṣe AC ń lò, ti Ṣáínà ni, kò wọ́n. Géèjì tó ń wọn bó ṣe ń fà tó ò kọjá 28 (íǹṣì mẹ́kúrì), bẹ́ẹ̀ 30 ni wọ́n kọ síparí ẹ̀, èéfín ń jáde lẹ́nu ẹ̀, ọ́ìlì inú ẹ̀ sì ti funfun bí omi ògì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún fríìjì ṣe ní ká tú u palẹ̀, ó ní bíléèdì inú ẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó ń yí tó ń ti afẹ́fẹ́ jáde, ló ti jẹ. Ṣé kí n gbà fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbà fún un. Géèjì yín ò purọ́. 30 tí wọ́n kọ sí i yẹn, ti etí òkun ni, bí Èkó. Adó fi nǹkan bíi mítà 450 ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ wá níbí ò wúwo tó ti Èkó, torí náà pọ́ǹpù tó bá fa gbogbo ẹ̀ tán pátápátá, 28 àti díẹ̀ náà ló máa kà, kódà kó jẹ́ olówó gọbọi. 28 tó yín fún rísìn dáadáa.

Ọ́ìlì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tó bá ti funfun bẹ́ẹ̀, omi ló wọ̀ ọ́, ìgbà òjò sì ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń fà mọ́ra. Ẹ tan án, ẹ dí ẹnu tó fi ń fà, tó bá ní nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n ń pè ní gas ballast ẹ tú u díẹ̀, kó ṣiṣẹ́ títí ara ẹ̀ á fi gbóná, ẹ wá pa á kẹ́ ẹ sì da ọ́ìlì yẹn nù nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ rọ tuntun sí i, ẹ tún tan án, tó bá ṣì ń funfun ẹ dà á nù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ́ìlì vacuum pump ni kẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọjà AC o. Àwọn kan ń bu ọ́ìlì ọ̀kadà sí i, mi ò mọ ẹni tó kọ́ wọn! Kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ ìyẹn máa ń di omi mú, pọ́ǹpù ò sì ní fà dáadáa.

Èéfín níbẹ̀rẹ̀ ò burú. Tí kò bá dáwọ́ dúró, bóyá ọ́ìlì ti kọjá ìlà ni, tàbí kí ibì kan máa jò. Ẹ so géèjì mọ́ pọ́ǹpù nìkan láìsí ìkòkò: tó bá kà 28, pọ́ǹpù yè, ẹ lọ wo hóòsì àti rọ́bà ẹnu ìdérí. Fóòmù ọṣẹ táwọn ọlọ́fríìjì ń fi wá ibi tó ń jò ò ní wúlò, torí inú ni afẹ́fẹ́ ń wọ̀ sí.

Àfi tí pọ́ǹpù nìkan ò bá dé 28 yẹn ni kẹ́ ẹ tó tú u. Bíléèdì yẹn kì í sábà jẹ, èéfín rísìn ló máa ń mú kó lẹ̀ mọ́ ojú ihò ẹ̀, kò wá ní lè yọ síta. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ má fi sáńpépà ha á.

ÌBÉÈRÈ: Láti Ìkéré. Àǹtí mi ló fi pọ́ǹpù tèmi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, mo ra transformer sí i, àmọ́ kì í yí, ó kàn ń kùn ni.

ÌDÁHÙN: Tó bá ti ń kùn láìyí, ẹ yọ wáyà ẹ̀ kíá, kóìlì ló ń jó yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ fọwọ́ yí fáànù ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá le, ọ́ìlì ti dì nínú ẹ̀. Tó bá rọ̀, iná NEPA lè má tó, transformer lè kéré jù, tàbí kí kàpásítọ̀ tó ń ran mótò lọ́wọ́ láti yí ti kú, réwáyà ni kó fọwọ́ kan ìyẹn torí ó ṣì lè gbé èèyàn lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ wáyà. Tó bá wá yí, kò ní yára tó ti Amẹ́ríkà, 60 hertz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní sẹ́kọ́ǹdì kan) ni wọ́n ṣe é fún, 50 ni tiwa, transformer ò lè yí ìyẹn padà. Ara ẹ̀ á tètè gbóná, ẹ máa jẹ́ kó sinmi.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè lo kọ̀ńpírẹ́sọ̀ fríìjì àlòkù dípò pọ́ǹpù, kí n sì fi bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì ṣe ìkòkò?

ÌDÁHÙN: Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ dáa, àmọ́ kí ọlọ́fríìjì gba gáàsì inú ẹ̀ kúrò kó tó gé páìpù, kẹ́ ẹ sì gbé ìgò sẹ́nu ibi tó ń tu afẹ́fẹ́ sí, torí ó máa ń tu ọ́ìlì jáde, kò sì síbi tẹ́ ẹ ti lè rí i pé ó ti ń tán. Ìkòkò irin tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò. Ìdérí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, afẹ́fẹ́ tó máa tẹ̀ ẹ́ lé ní kílò 400. Bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì yẹn, ẹ fi pọn omi.