Níbo ni àwọn èdè Turkic (ẹbí èdè tí Tọ́kì àti Kazakh wà lára wọn) ti rí orúkọ tí wọ́n ń pe ìlà oòrùn, ìwọ̀ oòrùn, àríwá àti gúúsù?

Ara oòrùn ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú wọn. Ní èdè Tọ́kì òde òní, doğu (ìlà oòrùn) jáde láti ara doğmak, ìyẹn kí a bíni tàbí kí oòrùn yọ. Batı (ìwọ̀ oòrùn) jáde láti ara batmak, kí nǹkan rì tàbí kó wọ̀. Bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Güney (gúúsù) wá láti ara gün, tí í ṣe oòrùn tàbí ọjọ́. Kuzey (àríwá) sì wá láti ara kuz, ẹ̀gbẹ́ òkè tí oòrùn kì í sábà dé.

Kí àtúnṣe èdè àwọn ọdún 1930 tó dé ní Tọ́kì, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ń kọ sínú ìwé: şark, garp, şimal, cenup.

Ti Kazakh ló dùn mọ́ mi jù. Gúúsù ń jẹ́ oŋtüstik, àríwá ń jẹ́ soltüstik. Oŋ ni ọ̀tún, sol ni òsì, tüs ni ọ̀sán gangan. Ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ẹ ó rí i pé ọ̀tún yín ni gúúsù wà. Àṣà yìí ti pẹ́ gan-an: lára òkúta ìrántí Kül Tigin, ọmọ ọba kan láàrin àwọn Turk ayé àtijọ́, tí wọ́n gbé dúró ní Mongolia ní ọdún 732, ilgerü, ìyẹn “síwájú”, ni wọ́n pe ìlà oòrùn, wọ́n sì ní àríwá wà níhà ààrin òru.